Àga Obìnrin Lẹ́nu Iṣẹ́: Láti Ìsọ̀ Ọjà dé Yàrá Ìgbìmọ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, inú ọjà ni obìnrin ti kọ́kọ́ di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè wọ ọjà ńlá kan ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó kó rò pé ariwo lásán ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ibẹ̀ le ju ti ọ́fíìsì mìíràn lọ. Alátà kì í pàtẹ sáàárín ẹlẹ́ja. Ẹlẹ́lùbọ́ ní ìlà tirẹ̀, aláṣọ ní tirẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìyá ẹgbẹ́ àti akápò. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ló ń pàdé lọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, Ìyálọ́jà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ààfin.

Ipò ìyá ẹgbẹ́ kì í ṣe oyè ìfini-ṣọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ bá já ẹrù sílẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń dúró tì í títí wọn yóò fi pín in, kí ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ má baà gbá gbogbo àpò lọ kí àwọn yòókù sì jókòó ti àtẹ òfìfo. Òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ òṣùwọ̀n. Àwọn kan a máa lu ìdí kóńgò wọnú, kí ó lè dà bí ẹni pé ó kún nígbà tí kò tíì kún. Bí ọwọ́ bá tẹ irú wọn, ẹgbẹ́ a gba kóńgò náà, wọn a sì bu owó ìtanràn lé ẹni tó ni ín. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá bímọ, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, owó tí gbogbo wọn dá jọ ni wọ́n fi ń lọ kí i. Alájàpá tó ń ti oko kó ẹrù wálé àti alárobọ̀ tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún tà máa ń bá ara wọn ṣe àwìn, àwìn náà kì í sì í sábà ní ìwé. Ojú àti orúkọ ni ó dúró lé. Ẹni tó bá jẹ owó mọ́ alájàpá lára, iwájú ìyá ẹgbẹ́ ni wọn yóò ti pàdé.

Orúkọ ọkọ kì í sọ ẹnikẹ́ni di olórí alátà. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ń wò ni iye ọdún tí èèyàn ti lò nídìí òwò, ọwọ́ tó mọ́ nínú owó àjọ, àti ẹnu tó ṣe é mú lọ síwájú ọba. Ṣùgbọ́n ohun tó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ni pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló ṣe òfin rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ ń pọnmọ tajà, ó ń fọ́mọ lọ́mú nídìí àtẹ. Bí ó bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra a bá a tajà, a sì ka owó rẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ka èyí sí àánú. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń to iṣẹ́ náà, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn tó ń tò ó.

Bí òwò bá ti sọ obìnrin di ẹni ńlá, ìlú náà a fi oyè dá a lọ́lá. Ní Ìbàdàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ní àwọn ìlú mìíràn, Ìyálóde ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú lórúkọ gbogbo obìnrin. Ó ní Ọ̀tún àti Òsì tirẹ̀, ó ń parí ìjà àwọn obìnrin, ó sì ń sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tí ìlú bá ń gbèrò ogun tàbí ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní oko ńláńlá, ó sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn jagunjagun. Wọ́n jẹ gbèsè náà mọ́ ọn lára. Nígbà tí òun náà wá kọ̀ láti máa fi ohun ìjà sílẹ̀ fún ogun Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, ọdún náà kò sì parí tí wọ́n fi pa á. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ti sọ ọ́ di ìkà paraku lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ gbèsè àti ti òṣèlú wà nídìí ikú náà ju bí àwọn òǹwòran ṣe mọ̀ lọ.

Ẹfúnróyè Tinúbú ní tirẹ̀ ṣòwò ní Àgbádárìgì àti l'Ékòó, títí Benjamin Campbell, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì tún òwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhómì dé bá Ẹ̀gbá, òun ló pèsè ọ̀pọ̀ nínú ohun ìjà tí wọ́n fi lé wọn padà. Ní 1864, wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Gbàgede Tinúbú l'Ékòó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn méjèèjì ní ẹrú, Tinúbú sì ṣòwò ẹrú; ìyìn tó bá fi ìyẹn pamọ́ kò pé.

Ibi tí oyè Ìyálóde kù sí ni iye. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n fún ìdajì ìlú, láàárín ọ̀pọ̀ ìjòyè ọkùnrin. Bí ẹni tó jókòó lé e bá lówó, tó sì láyà, ohùn rẹ̀ a dé ibi gbogbo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ a ṣe èyí tó wù wọ́n. Ìṣòro àga kan ṣoṣo yìí kò bá ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ.

Iṣẹ́ ọba

Ìjọba amúnisìn gbé irú iṣẹ́ tuntun kan wọ̀lú: iṣẹ́ alákọ̀wé, tó ní tábìlì, aago àti owó oṣù. Lójú àwọn tó gbé e dé, ọkùnrin ló ń gba owó oṣù, obìnrin ló ń tọ́jú ilé dè é. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ fi èrò náà hàn. Ìjọba dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin l'Ékòó ní 1909; ó di 1927 kí Queen's College tó wà fún àwọn ọmọbìnrin. Kí ìyẹn náà tó ṣeé ṣe, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé l'Ékòó, tí Oyínkán Abáyọ̀mí ṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa kówó jọ fún un. Ní 1944, Abáyọ̀mí yìí kan náà dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀kan nínú ohun tí ẹgbẹ́ náà ń béèrè ni pé kí wọ́n máa gba obìnrin sí iṣẹ́ ọba bí wọ́n ṣe ń gba ọkùnrin. Wọ́n sì ní kí àwọn aláṣẹ yé yọ àwọn obìnrin ọlọ́jà lẹ́nu.

Àwọn ọlọ́jà náà kò dúró de alákọ̀wé kankan. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà ń ta ẹja ní ọjà Erékò, kò mọ̀wé kà, òun ni ó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1940, ìjọba ṣe òfin pé obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ máa san owó orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Pẹlẹ́wùrà kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n ti ìsọ̀ pa, wọ́n tẹ ìka sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì wọ́ tìlù-tìfọn lọ bá kọmíṣọ́nnà. Ìjọba ní láti gbé iye náà sókè, débi pé ọlọ́jà tálákà bọ́ lọ́wọ́ owó orí náà.

Ọ̀rọ̀ gàrí tó tẹ̀lé e ni ó fi hàn jù pé ìyá ẹgbẹ́ mọ iṣẹ́ ju akọ̀wé lọ. Lásìkò ogun àgbáyé kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Pullen bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye lé oúnjẹ láti inú ọ́fíìsì. Iye tó lé gàrí kéré sí èyí tí àwọn ọlọ́jà fi rà á lóko, bẹ́ẹ̀ ni owó ọkọ̀ àti ti alárù kò sí nínú ìṣírò rẹ̀. Gàrí pòórá lórí àtẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Pullen fi owó lọ Pẹlẹ́wùrà pé kó bá òun ti ètò náà lẹ́yìn; ó kọ̀ ọ́. Ní 1945 tí ogun parí, ìjọba fòpin sí ètò náà. Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951.

Ní Abẹ́òkúta, ẹ̀dùn ọkàn náà kò yàtọ̀, àfi pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, tí ọmọkùnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 16. Obìnrin ń sanwó, kò sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Nígbà ogun, àwọn agbófinró tún ń gba ìrẹsì lórí àwọn ọlọ́jà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó jẹ́ olùkọ́, ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alákọ̀wé kan tó ń kọ́ ara wọn ní ìránṣọ àti ìtọ́jú ilé. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ láti kọ́ ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti owó orí ni wọ́n gbé wá. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ọlọ́jà àti alákọ̀wé papọ̀. Ransome-Kútì pa gáùn tì, ó ń wọ ìró àti bùbá, ó sì ń bá àwọn òyìnbó aláṣẹ sọ Yorùbá kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn sí iwájú ààfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Aláké padà sórí ìtẹ́. Ìṣẹ́gun náà kò pé, ṣùgbọ́n ó ju àga kan ṣoṣo lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé

Ìwé ìtàn fẹ́ràn láti to orúkọ àwọn obìnrin àkọ́kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ nìkan kì í sọ ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Stella Thomas, ọmọ Èkó, di agbẹjọ́rò ní ìlú London ní 1933, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1943. Kófowórọlá Moore, tó padà di ìyàwó Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, gboyè ní Oxford ní 1935. Iṣẹ́ olùkọ́ ní Queen's College ni ó padà wá ṣe. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dublin, ó gboyè ní 1938, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ọsibítù Massey Street l'Ékòó ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì padà di ọ̀gá àgbà ibẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ dún ju bí ó ṣe ń dún lọ ni Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ. Ó wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ kàwé ní Yaba Higher College, ó lọ sí Cambridge, ó sì padà di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ní Nàìjíríà, nínú ìmọ̀ ilé ìkàwé, ní Ìbàdàn. Ìmọ̀ ilé ìkàwé kì í ṣe ohun tí ìròyìn ń pariwo. Síbẹ̀, àwọn tó ń to ìwé sí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Nàìjíríà kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́. Ní Abadina, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ kékeré nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó dá ilé ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀gá tó mọ ibi tí ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ń gbé, tó sì gbé ìwé lọ bá a níbẹ̀, ṣọ̀wọ́n lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ilẹ̀kùn mìíràn ṣí. Fọláké Ṣólàńkẹ́, tó kọ́kọ́ jẹ́ olùkọ́ èdè Látìnì àti ìṣirò, di kọmíṣọ́nnà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní 1972. Ní 1981, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní oyè agbẹjọ́rò àgbà, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SAN. Grace Alele-Williams, ọmọ Ìtsẹ́kírì láti Warri, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963, wọ́n sì fi í ṣe gíwá Yunifásítì ìlú Benin ní 1985. Obìnrin kankan kò tíì jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀. Adérónkẹ́ Kale, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, wọ iṣẹ́ ológun ní 1972. Ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìṣègùn nínú iṣẹ́ ológun, ó sì dé ipò ọ̀gágun Major General ní 1994. Ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Aloma Mariam Mukhtar di adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 2012, Kudirat Kékeré-Ẹkùn sì di obìnrin kejì nípò náà ní 2024.

Ohun kan hàn nínú ìtàn àwọn wọ̀nyí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde, ẹlòmíràn sì tún padà síbẹ̀ láti kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní irú ibẹ̀, ọmọbìnrin ni olórí kíláàsì, ọmọbìnrin ló ń lu aago, ọmọbìnrin ló ń ṣáájú nínú ìṣirò. Ní ti pé obìnrin ló ń darí obìnrin, ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá ọjà mu.

Ohun tí òfin sọ

Òfin iṣẹ́ tí Nàìjíríà ń lò láti àwọn ọdún 1970 ní ohun tó sọ nípa òṣìṣẹ́ obìnrin. Aboyún lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọn yóò san fún un lásìkò ìsinmi ìbímọ kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Òfin kan náà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́ láti fi bọ́ ọmọ. Kò sọ ibi tí ọmọ náà yóò wà. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkòròdù, kò ní tíì dé ibùdókọ̀ tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ yóò fi pé. Ilé iṣẹ́ tó bá ní yàrá ìtọ́jú ọmọ nínú ọgbà rẹ̀ nìkan ni ẹ̀tọ́ yìí ti ní ìtumọ̀, ìyẹn kò sì pọ̀.

Àwọn abala tó tẹ̀lé e fi èrò ìgbà tí wọ́n kọ òfin náà hàn. Wọn kò gbọdọ̀ gba obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ńlá tàbí oko ńlá, àfi nọ́ọ̀sì, àti obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kì í fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ alágbára. Wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á sí iṣẹ́ inú ihò ìwakùsà. Ààbò ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin kan náà gba nọ́ọ̀sì láàyè láti máa dúró ti aláìsàn mọ́jú, ó ṣòro láti gbà pé òru fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù fún obìnrin.

Ohun tí òfin àwọn ọlọ́pàá sọ tẹ́lẹ̀ tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lọ́kọ nígbà náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ ọkùnrin náà sínú ìwé, kí wọ́n lè wádìí bóyá ọmọlúwàbí ni. Ó sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ọkùnrin ọlọ́pàá nípa ìyàwó tó fẹ́ fẹ́. Ní 2012, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dá a lẹ́jọ́ pé abala òfin yìí ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí ìyà nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí ayọ̀ ju ti aládàáni lọ. Ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù tó pé ni òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún wọn. Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ tirẹ̀ di oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí ọjọ́ 14 fún àwọn bàbá. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, pé kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ìsinmi ìbímọ ṣe. Síbẹ̀, òun gan-an ló lè yí ọkàn agbanisíṣẹ́ padà jù. Bí ó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ, ẹni tó ń gbanisíṣẹ́ yóò máa ṣírò rẹ̀ mọ́ obìnrin nìkan lára.

Ìṣírò yẹn ló wà nídìí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbọ́ níwájú tábìlì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ṣé o ti lọ́kọ? Ọmọ mélòó ni o fẹ́ bí, ìgbà wo sì ni? Wọn kì í bi ọkùnrin tó jókòó sí àga kan náà. Bí ó bá wọlé tán, ọ̀nà ìgbéga tún ní ìdènà tí kò sí nínú ìwé kankan. Ìpàdé pàtàkì a bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí olùkọ́ ń dúró de ẹni tí yóò wá mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìpàdé kò parí, àwọn ọkùnrin a lọ parí rẹ̀ ní kíláàbù. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbìmọ̀ ibi sí obìnrin kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó tó kí gbogbo àwọn tó ń fi àkókò sí ìpàdé jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn ń bá tọ́jú ọmọ.

Báńkì

Iṣẹ́ báńkì ni àyípadà ti yá jù ní Nàìjíríà. Bọ́lá Kúforíjì-Olúbí, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, di alága ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì UBA ní 1984, nígbà tí irú rẹ̀ kò tíì sí. Ní 1989, ó tún di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ICAN. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá báńkì fẹnu kò lórí ìlànà tuntun: kí ìdá 30 nínú 100 ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì kọ̀ọ̀kan, àti ìdá 40 nínú 100 àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀, jẹ́ obìnrin títí di 2014. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló bá a. Ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí, èèyàn lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí rẹ̀.

Ní 2014 yẹn kan náà, Sarah Alade di gómìnà Báńkì Àpapọ̀ lọ́nà adelé fún oṣù díẹ̀. Ní 2015, Ìbùkún Awóṣìká, oníṣòwò àga àti tábìlì, di alága First Bank, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 2021, obìnrin ni ọ̀gá àgbà ní Fidelity, GTBank, FCMB, Citibank ti Nàìjíríà àti Unity Bank lẹ́ẹ̀kan náà. Zenith náà kún wọn ní 2024 nígbà tí Adaora Umeoji gba ipò. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin yìí ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ báńkì. Kì í ṣe nọ́ńbà ló dá wọn, nọ́ńbà kàn ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti dúró sí ni.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò bá báńkì lọ. Ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n kọ àwọn àbá òfin tí ì bá fi kún àga obìnrin níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, obìnrin mẹ́ta péré ló wọ ilé aṣòfin àgbà nínú 109. Kò sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà fún wọn.

Àwọn tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́

Ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò sí ní báńkì, kò sì sí nínú iṣẹ́ ọba. Ìsọ̀, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àti ti onídìrí, oko, ilé onílé ni wọ́n wà. Òfin iṣẹ́ kò mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí wọn kò ní agbanisíṣẹ́ tó fún wọn ní ìwé. Ètò tiwọn ni ẹgbẹ́. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ń lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ tó bá ṣe fírídọ̀mù, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ló ń wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ọ̀gá bá sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pọnmi tó ń fọṣọ dípò kó kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn òbí rẹ̀ lè gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ gidi ni kò ní ẹgbẹ́ kankan tí yóò gbé tirẹ̀ lọ.

Irú ọgbọ́n ẹgbẹ́ yìí bá àwọn Yorùbá kọjá òkun. Ní Bàhíà, ní orílẹ̀-èdè Bràsílì, àwọn obìnrin tí ìran wọn ti ilẹ̀ Yorùbá lọ ti ń ta àkàrà ní òpópónà láti ayé ẹrú, tí àwọn kan fi ń ra òmìnira ara wọn. Nínú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyálòrìṣà tó ń darí ilé òrìṣà ńláńlá ìlú Salvador ti jáde. Ní 2005, ìjọba Bràsílì kọ iṣẹ́ alákàrà sínú ìwé ohun ìní àṣà orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ń bọ̀, òfin FIFA fẹ́ lé wọn kúrò ní àyíká pápá ìṣeré Fonte Nova, ibi tí wọ́n ti ń tajà tipẹ́. Ẹgbẹ́ wọn kọ̀wé, wọ́n kó orúkọ èèyàn jọ, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn níwájú pápá náà. Ní 2013, FIFA gba alákàrà mẹ́fà láàyè. Mẹ́fà kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò àkọ́kọ́ kò ní ẹyọ kan.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 190 ti àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tó dá lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Àdéhùn tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti 1974 lórí owó iṣẹ́ dọ́gbadọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin wo owó nìkan. Èyí gbòòrò ju ìyẹn lọ. Ó kan òṣìṣẹ́ tó ní ìwé àti èyí tí kò ní, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń wá iṣẹ́, àti ẹni tí wọ́n ti dá dúró. Ó kan ojú ọ̀nà láti ilé dé ibi iṣẹ́, yàrá tí òṣìṣẹ́ ti ń jẹun àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ó kan ìyọlẹ́nu tó ń gba orí fóònù wọlé, ó sì ní kí ìjọba ka ìwà ipá inú ilé sí ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, alátà àti ọ̀gá báńkì jẹ́ òṣìṣẹ́ bákan náà. Bí ilé aṣòfin kò bá tilẹ̀ tíì kọ ọ́ sínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ yìí, ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní àṣẹ láti gbẹ́jọ́ lórí àdéhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí.